Pọ́wà Tuntun fún Tíńrín

Ìyàwó mi kú nígbà tó ku eré kan ṣoṣo kí sáà wọn parí. Sáà géèmù ni mò ń wí. Kò tíì yan pọ́wà tuntun fún Tíńrín nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Bọ́ọ̀lù ni géèmù náà, àmọ́ orí pátákó ni wọ́n ti ń gbá a, àwọn tó ń gbá a kì í sì í ṣe ènìyàn. Iwin ni àwọn kan, òmìrán ni àwọn kan, àwọn mìíràn ní orí màlúù. Ère rọ́bà ni gbogbo wọn, wọn ò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Dáìsì lèèyàn máa ń jù, bíi ti lúdò, láti mọ̀ bóyá ẹni tirẹ̀ á sáré kọjá tàbí wọ́n á gbá a lulẹ̀. Ó lè fara pa. Ó sì lè kú. Èyí tó bá kú, wọ́n á mú un kúrò lórí pátákó, kò tún gbọdọ̀ padà wá mọ́. Èyí tó bá ṣe dáadáa ni wọ́n ń fún ní agbára tuntun. Pọ́wà là ń pè é.

Ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Alága ló ni pátákó náà. Ó ti wa mọ́tò fún òyìnbó kan rí ní GRA Àpápá. Nígbà tí òyìnbó náà ń kó lọ sí ìlú wọn, ó fún un ní géèmù náà pẹ̀lú àpótí ère. Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni wọ́n máa ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alága ní Ajégúnlẹ̀, nígbà tí àwọn onígbàgbọ́ bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mùsùlùmí lèmi, onígbàgbọ́ ni ìyàwó mi. Òun ló ń gbá a. Èmi kàn máa ń jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ mi ní èbúté ni pé kí n fi ọ̀pá irin de kọ̀ǹténà mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, kó má baà ṣubú sínú òkun. Tó bá di ọjọ́ Sunday, ibi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní bi mí léèrè nǹkan kan ni mo máa ń wá.

Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé òfin géèmù náà. Mo ti dàgbà kí n tó lọ sí iléèwé, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ. Mo lè kà á, àmọ́ mo máa ń pẹ́. Ìyàwó mi ló ń kà á fún gbogbo wọn, tó sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ń ṣe irun àti èékánná, ọ̀dà èékánná ló sì fi kun gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, pupa fún àwọn òmìrán, àwọ̀ wúrà fún Tíńrín nìkan.

Iwin obìnrin ni Tíńrín. Ó máa ń sáré gba etí pátákó lọ, ibi tó léwu jù nìyẹn, torí ẹni tí wọ́n bá tì kúrò lórí pátákó, àwọn òǹwòran ló máa lù ú, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í yè é. Àmọ́ ìyàwó mi ní ọgbọ́n kan. Tí Tíńrín bá ti gbé bọ́ọ̀lù sáré títí tí eré ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tán, tó wá ku ilé kan lórí pátákó kó dé ojú góòlù, ìyàwó mi á mú òmìrán tirẹ̀ wá sẹ́yìn rẹ̀, á sì fi tì í wọlé. Ó máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ṣe é. Inú máa ń bí àwọn yòókù.

Nígbà tí a ti sin ín tán, Alága wá bá mi nílé. Ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ìyàwó yín ni."

Mo ní mi ò bínú.

"Eré kan ló kù. Tí ẹ bá bá wa jókòó sí i, tí ẹ ta ọ̀mì, ẹgbẹ́ náà ò ní túká. Tí ẹ bá pàdánù, òun ló máa ṣe ìkẹyìn. Ẹ sì mọ òfin wa."

Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí nínú ìwé, àwa la ṣe é, torí pé ère ò pọ̀, a ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á ní Èkó. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ìkẹyìn, wọ́n á kó o sáàárín. Ẹni tó borí nínú eré tó kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ mú, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e, ẹni tó ni ẹgbẹ́ á wá mú èyí tó bá kù. Wọ́n á ha ọ̀dà wọn kúrò, wọ́n á sì kùn wọ́n ní àwọ̀ tuntun.

"Màá wá," ni mo wí. Mi ò lágbára láti kọ̀.

Lásìkò yẹn mi ò mọ nǹkan kan lára. Mò ń jẹun, mi ò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wá kí mi, mò ń dá wọn lóhùn, tí wọ́n bá ti lọ, mi ò rántí ẹni tó wá. Mi ò sunkún. Ọmọ wa obìnrin, tó ti lọ́kọ sí Ìkòròdú, ló ń sunkún lórí fóònù. Mo sọ fún un pé mo ní láti yan pọ́wà fún Tíńrín. Ó fọn imú.

"Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún un, Dádì. Kó lè sáré sí i. Ẹsẹ̀ ni Màmá máa fún un."

"Mo ti gbọ́."

Mo ṣí ìwé òfin náà, mo fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo rí èyí tó ń fúnni lẹ́sẹ̀. Mo rí èyí tí bọ́ọ̀lù ò fi ní í bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Mo wá rí èyí tí ìyàwó mi máa ń pè ní Ìdúró. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò lè ti ẹni tó bá ní in kúrò níbi tó dúró sí. Mo tún un kà. Mo ronú nípa Tíńrín létí pátákó. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí mo mọ̀ nípa dídá ẹ̀mí nǹkan sí ni pé kó má kúrò níbi tí mo fi í sí. Mo pa ìwé dé.

Àṣà wa ni pé kéèyàn dìde kó sọ pọ́wà tó yàn sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, kó sì fa ìlà sí ìsàlẹ̀ ère náà. Tó bá ti fà á, kò lè yí i padà. Awakọ̀ tírélà kan ni mo fẹ́ bá gbá a, ọmọkùnrin alápá ńlá, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mo dìde.

"Ìdúró ni mo fún Tíńrín."

Awakọ̀ náà pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n! Agbábọ́ọ̀lù rèé o, kì í ṣe kọ̀ǹténà!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Abeg, ẹ bá wọn wá ọ̀pá irin, kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ dáadáa," ó tún wí.

"Jẹ́ kí wọ́n ráyè," ni Alága wí. Ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?"

Mo fa ìlà náà.

A bẹ̀rẹ̀ eré. Ọmọkùnrin náà tètè gbá góòlù kan wọlé. Mo mú Tíńrín gba etí, bí mo ṣe máa ń rí i. Awakọ̀ náà rán olórí màlúù rẹ̀ sí i. Ó ju dáìsì, ó borí. Kó tì í jáde ló kù.

"Ìdúró," ni mo wí.

"Chai! Ẹ̀gbọ́n ti gbin ọmọ yìí sílẹ̀ bí igi ìrókò!"

Ó tún gbìyànjú, ó tún gbìyànjú. Tíńrín ò kúrò. Nígbà tó yá, ọ̀nà là, Tíńrín gbé bọ́ọ̀lù, ó sáré. Ó wá ku ilé kan. Eré ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tán, àkókò pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo mú òmìrán pupa, mo gbé e sẹ́yìn rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí dáìsì.

Alága ló sọ̀rọ̀, kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀gbọ́n. Kò ṣeé tì mọ́."

Mo wò ó.

"Ẹnikẹ́ni ni ìwé wí. Títí kan ẹni tirẹ̀."

Mo gbé dáìsì sílẹ̀. Tíńrín dúró síbẹ̀, ojú góòlù wà níwájú rẹ̀ gan-an. Àkókò tán.

Wọ́n kó ẹgbẹ́ ìyàwó mi sáàárín pátákó. Awakọ̀ náà ló kọ́kọ́ máa mú. Kò pariwo mọ́. Gbogbo èèyàn ló mọ èyí tó máa mú: iwin tó yára, tí kò sì ṣeé tì jáde, irú rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́, ó fà á padà.

"Ẹ̀gbọ́n, abeg, ẹ sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí n má mú un, mi ò ní mú un. Ẹnikẹ́ni ò ní bínú."

Wọ́n ń wò mí. Mo mọ̀ pé tí mo bá lanu, wọ́n á fún mi. Màá gbé e délé, màá gbé e sórí fíríìjì, ibẹ̀ ló sì máa wà.

"Ṣé o máa ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò?" ni mo bi í.

"Òfin ni, Ẹ̀gbọ́n. Àwọ̀ ewé ni ẹgbẹ́ tèmi."

"Ha á dáadáa. Tí ọ̀dà àtijọ́ bá kù lábẹ́, tuntun ò ní mú."

Ó mú un, ó fi sí àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀. Àwọn yòókù mú tiwọn. Òmìrán kan tí apá rẹ̀ ti kán ló kù fún mi.

Ọmọ wa pè mí nírọ̀lẹ́.

"Báwo ló ṣe lọ, Dádì?"

"A pàdánù."

"Ta ló mú Tíńrín?"

"Awakọ̀ tírélà yẹn."

"Ẹ sì jẹ́ kó mú un?"

"Ó máa máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè tì í jáde."

Mò ń gbọ́ ọkọ rẹ̀ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Mi ò tíì jẹun.