Iná Tí Wọ́n Yọ Lójú Ọkọ̀ Mi

Òórùn epo ló gba gbogbo inú ọkọ̀ mi láàárọ̀ òní, bí mo ṣe ń gbé àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní àdúgbò Titirou, ní Parakou wa níbí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè máa wò ó pé kí ni òórùn epo jẹ́ tí arúgbó obìnrin á fi máa fa ojú ro. Ẹ fara balẹ̀, n óò sọ ọ́. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín.

Ọkọ̀ mi ti gbó. Láti ìgbà ọyẹ́ ni iná kékeré kan ti ń tàn níwájú mi bí mo bá ń wà á, iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì, tó fi hàn pé ara ọkọ̀ kò yá. Mẹkaníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ nǹkan kan nídìí páìpù èéfín, iná kò gbọ́. Èkejì fi ẹ̀rọ kan yẹ ọkọ̀ wò, ó sì pa iná náà rẹ́. Kí n tó dé àdúgbò Albarika, ó ti là sílẹ̀ bí ojú ológbò. Ojoojúmọ́ ni mo ń rò ó fún ọmọ mi ọkùnrin, bàbá àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí èmi àti òun jọ ń gbélé. Níkẹyìn ó gbé ọkọ̀ lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ mẹkaníìkì ní àdúgbò Zongo. Ọkọ̀ padà dé, iná kò tàn mọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Òórùn tàárọ̀ yìí rán mi létí agboolé wa ní Zongo nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá mi ní bàṣé kan, ọkọ̀ akẹ́rù tó ní tapólì lẹ́yìn, tó fi ń kó èrò àti iṣu lọ sí Ṣábẹ̀. Bàṣé yẹn kò ní iná tó ń kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, etí ni bàbá mi fi ń tọ́jú rẹ̀. Bó bá ti fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì jí láàárọ̀, gbogbo agboolé gbọ́dọ̀ pa rọ́rọ́. Ẹni tó ń gún àgbàdo á gbé ọmọ odó dání. Ìyá Sènábù, ará Dẹ́ńdì tó bá wa gbélé, tó lè bú ìyá mi láti òwúrọ̀ dalẹ́, á dá èébú dúró lágbedeméjì. Bí bàbá mi bá ti mi orí pé ó dára, ibi tí Ìyá Sènábù bá èébú dé gan-an ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ padà. Àwa ọmọdé á máa di imú ara wa kí ẹ̀rín má baà bọ́. "Ẹ jẹ́ kó wí tẹnu ẹ̀," ni bàbá mi máa ń sọ nípa ẹ́ńjìnnì náà.

Alájì kan tó ń ta aṣọ, tó fẹ́ bá ọkọ̀ wa lọ sọ́jà, kọ̀ láti dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ní ọjà ń tú lọ, àwọn kan wá ń gbọ́ orin lẹ́nu irin. Bàbá mi kò bá a jiyàn. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó gbé ẹrù Alájì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì tún ọkọ̀ ta jí. Alájì panu mọ́. Lọ́jọ́ náà ni bàbá mi fi etí mọ̀ pé nọ́ọ̀tì kan ti tú, ọkọ̀ kò sì kúrò ní Parakou àfìgbà tí wọ́n dè é.

Lónìí, bí mo ṣe já àwọn ọmọ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ mẹkaníìkì Zongo yẹn ni mo gbà lọ tààrà. Ó kí mi dáadáa, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Lábẹ́ ibi tí àwọn ọmọ ń jókòó sí gan-an, rọ́bà tó ń gbé epo ti sán, epo sì ti rin ín gbindin.

"Ṣebí o ti tún un ṣe?" mo bi í.

Ó họ orí. "Màmá, mi ò tún nǹkan kan ṣe o. Àńpúùlù iná tó ń tàn níwájú yín yẹn ni mo yọ. Mísíọ̀ ló ní kí n yọ ọ́."

"Mísíọ̀ wo?"

"Ọmọ yín. Ó ní ariwo yín lórí iná yẹn ti sú òun."

A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ọkọ̀ ń ké, ìyá ń ké, ọmọ mi sì wá ọ̀nà tí àwa méjèèjì á fi dákẹ́. Kò tíì sí ohun tó dùn mí báyìí láti ìgbà tí mo ti ń tọ́ ọmọ.

Mo tẹ̀ ẹ́ láago pé kó wá. Ó dé, ó fọwọ́ kan rọ́bà náà, ó gbọ́ òórùn ìka rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Màmá, ẹ má bínú," ló wí. Mo sọ fún un pé mo ń bínú. Mo gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, nígbà tó sì di ọ̀sán, mo fẹsẹ̀ rìn lọ mú àwọn ọmọ rẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́.

Ohun púpọ̀ ti yí padà ní Parakou. Agboolé wa ti di ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ẹni tó ń dá odó dúró nítorí ọkọ̀ mọ́. Ọkọ̀ òde òní gbọ́n ju bàṣé bàbá mi lọ fíìfíì, ó ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Epo nìkan ni kò yí padà. Bó ṣe ń gbiná láyé bàbá mi náà ló ṣe ń gbiná lónìí, kì í sì í béèrè ọmọ ta ló jókòó sókè.