Ọ̀bẹ Tí Òtútù Mú

Ọjọ́ kẹta tí mo ti gbé ọ̀bẹ náà pamọ́ ni ìyá ìyá mi sọ fún mi pé òtútù ń mú un.

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá iwájú, ní ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀. Wọ́n kọ ojú wọn tí kò ríran dáadáa mọ́ sí fèrèsé. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé. Wọn ò fọwọ́ kàn án.

"Ọ̀bẹ mi dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń pọ́n ọn, Màmá. Mo sọ fún yín lánàá."

"Níbo ni ẹni náà ń gbé tí ilẹ̀ ibẹ̀ fi tutù báyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì jáde. Ó yẹ kí n ṣàlàyé ẹ̀rín náà, nítorí kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹ̀rù ló bà mí, ẹnu mi ò sì mọ ohun mìíràn tí ó lè ṣe. Ọ̀bẹ náà kò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Inú àpò sìmẹ́ńtì kan ló wà, lẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi lẹ́yìnkùlé, níbi tí ilẹ̀ kì í gbẹ. Èmi ni mo fi síbẹ̀. Èmi náà ni mo bà á jẹ́.

Alágbẹ̀dẹ kan ní Iléṣà ló rọ ọ̀bẹ náà fún Màmá nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun. Nígbà tí ojú wọn ń di bàìbàì tí a kó wọn wá sí Òṣogbo, òun nìkan ni wọ́n bèèrè nínú gbogbo ẹrù wọn. Wọn ò lè ṣe púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń fi ọwọ́ wá ara iṣu, kí wọ́n sì bẹ ẹ́ láìsí pé ọ̀bẹ ya ìka wọn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún wọn nínú ilé nìyẹn. Láti ìgbà tí ọ̀bẹ ti pòórá, wọn ò bẹ iṣu, wọn ò sì fẹ́ jẹ èyí tí ẹlòmíràn bẹ. Ọrùn wọn ti ń tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ń wò ó, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ mi ló fà á.

Mo ti parí ìsìnrú ìlú, mi ò tíì ríṣẹ́, mo wá ní kí n kun fèrèsé yàrá wọn kí n má baà máa jókòó lásán. Mi ò rí nǹkan fi ṣí agolo ọ̀dà. Mo ki ẹnu ọ̀bẹ náà bọ abẹ́ ìdérí, mo sì yí i. Ó ró bí ìgbà tí eyín bá kán. Ṣóńṣó rẹ̀ ṣẹ́ kúrò, ìyókù lọ́, èèkù rẹ̀ là sí méjì.

Lọ́jọ́ kejì tí Màmá sọ̀rọ̀ òtútù yẹn, tó jẹ́ Sátidé, mo yọ ọ́ nínú àpò. Ó ti dógùn-ún káàkiri. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Iléṣà, sí àgbẹ̀dẹ tí Mọ́mì ti júwe fún mi rí.

Bí mo ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà ni mo ń gbọ́ ìró òòlù. Nígbà tí mo débẹ̀, bàbá arúgbó kan ló dá jókòó, ọwọ́ wọn wà lórí itan, wọn ò tíì dáná rárá.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tú ọ̀bẹ náà síwájú wọn. Mi ò tíì sọ ẹni tí mo jẹ́ tí wọ́n fi ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi nìyí. Kí ló ṣe é?"

"Ó já bọ́ ni, sà."

"Láti orí òkè wo?"

Wọ́n gbé e sókè, wọ́n fi ìka tọ ẹnu rẹ̀.

"Ọ̀bẹ tó bá já bọ́, ẹnu rẹ̀ ló ń tẹ̀. Èyí lọ́. Tí mo bá rọ irin lé irọ́ lórí, yóò tún kán, ọwọ́ ẹni tó ni ín ni yóò sì kán sí. Fi ètè kàn án, kí o tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ."

Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Mo rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò kàn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí irin náà kan ètè mi, ó tutù. Inú oòrùn ni mo ti gbé e wá, síbẹ̀ ó tutù bí ilẹ̀ ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù. Mo sọ òótọ́: agolo, ìdérí, bí mo ṣe yí i, àpò sìmẹ́ńtì, gbogbo rẹ̀.

Bàbá náà mi orí. "Kí ni wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì?"

"Sosiọ́lọ́jì, sà."

"Ó dáa. Ó dájú pé kò sí irin nínú rẹ̀."

Wọ́n dáná. Wọ́n fa irin náà yọ nínú èèkù, wọ́n tì í bọ èédú títí ó fi pọ́n, wọ́n lù ú títọ́, wọ́n fún un ní ṣóńṣó tuntun, wọ́n sì rì í bọ omi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pààrọ̀ èèkù, nítorí àtàǹpàkò Màmá ti jẹ ibi kan nínú rẹ̀ wọnú. Wọ́n fi òrùka irin dè é pọ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀, mo ń wo aago ṣáá. Aago méjì kọjá díẹ̀ nígbà tí iná náà le jù.

Nígbà tí mo délé, Mọ́mì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ara Màmá ò lélẹ̀ lọ́sàn-án yìí. Wọ́n tú gèlè, wọ́n ní kí n bu omi wá, pé iná yẹn ti pọ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ mi ò dáná."

"Aago mélòó nìyẹn, mà?"

"Kí lo fẹ́ fi aago ṣe? Bí aago méjì."

Mo wọlé, mo gbé ọ̀bẹ náà lé Màmá lọ́wọ́. Àtàǹpàkò wọn wọ ibi tó ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ó ti kúrú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Èmi náà ti kúrú. Gbé iṣu wá, ọkọ mi. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ bẹ ẹ́."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì wọn, mo bẹ̀rẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi tọrọ àforíjì láti Iléṣà, kò sí èyí tó jáde. Ọ̀bẹ náà mú. Màmá ò kọjú sí mi, fèrèsé ni wọ́n kọjú sí.

"Má yí i mọ́," ni wọ́n wí.

Ọwọ́ mi dúró. Mi ò yí i. Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn pé mo yí i rí.

"Màmá, ẹ má bínú. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo sì purọ́ fún yín."

Wọ́n na ọwọ́ sí mi.

"Iṣu yẹn ti ń dúdú. Lọ bu omi wá, kí o sì fún mi ní ọ̀bẹ mi."