Apá Òsì Irun Fàúsát

Ọwọ́ ọmọ náà ni Sùlíyá kọ́kọ́ dì mú. Ọmọ ilé ìwé ni, aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀, ó gbé ike omi kọ́rùn, ó ń ti ọ̀nà Agége bọ̀ sí Dọ̀pẹ̀mú. Sùlíyá ti tẹ̀ lé e jìnnà. Nígbà tó bá a, ó ní, "Fàúsát, níbo lo wà látọjọ́ yìí?" Ọmọ náà wo ojú rẹ̀, ó rí i pé òun kò mọ̀ ọ́n rí, ó figbe ta.

"Gbọ́mọgbọ́mọ!" Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ pè é, kò sì sí ẹni tó béèrè ẹ̀rí. Dọ̀pẹ̀mú ni mo ń sọ o. Bí ilé bá ń jó níbẹ̀, a lè wá omi títí kí a má rí; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ní gbọ́mọgbọ́mọ báyìí, táyà yóò ti dé kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà létí títì ti ń yí ọ̀kan bọ̀. Wọ́n já ìborùn lórí Sùlíyá, wọ́n gbá a létí, bàtà rẹ̀ kan ti sọnù, síbẹ̀ kò fi ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Orí ló kó o yọ. Reuben, dírẹ́bà ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Àgídìngbì, ń kọjá lọ, ó rí aṣọ iṣẹ́ búlúù lára obìnrin tí wọ́n ń lù, ó mọ̀ pé aṣọ ilé iṣẹ́ àwọn ni, ó tún un wò, Sùlíyá ni. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó fi ara bò ó. "Abẹ́ẹ̀gì, ẹ má pa á! Ọmọ rẹ̀ ló bá bọ́ǹbù lọ!" Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù yẹn ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Kò tíì pé ọdún kan tí bọ́ǹbù Ìkẹjà bú nígbà náà, kò sì sí àdúgbò kan láti Ìkẹjà dé Agége tí wọn kò ti mọ ẹni tó ṣòfò. Ọkùnrin onítáyà yí táyà rẹ̀ padà. Reuben wá rọra ń ṣí ìka Sùlíyá lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára ọwọ́ ọmọ náà, nítorí kò lè ṣí wọn fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ní oṣù kìíní ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba alágbádá kò tíì pé ọdún mẹ́ta lórí oyè. Ilé Sùlíyá àti Wahab ọkọ rẹ̀ kò jìnnà sí bárékè Ìkẹjà, níbi tí àwọn ṣọ́jà kó bọ́ǹbù pamọ́ sí. Sùlíyá jókòó lórí àpótí lẹ́yìnkùlé, Fàúsát àkọ́bí rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń di irun fún un nítorí ilé ìwé ọjọ́ kejì. Ó ti parí apá ọ̀tún, ó ń fi òòyà ya apá òsì, nígbà tí ilẹ̀ mì, tí gíláàsì fèrèsé fọ́, tí ojú ọ̀run sì pọ́n. Gbogbo àdúgbò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Sùlíyá pọn Hameedah, èyí àbúrò, ó fi ọwọ́ kan di Fàúsát mú. Kò mọ̀ pé òòyà ṣì wà lọ́wọ́ kejì. Èrò rọ́ lù wọ́n níbi kan, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn gba àárín wọn kọjá, nígbà tí yóò sì fi wo ọwọ́ rẹ̀, òòyà nìkan ló kù níbẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọkùnrin ìdílé Wahab jáde lọ, wọ́n padà wálé, wọ́n ní àwọn ti rí i nínú omi kànáà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá já sí, àwọn sì ti sin ín. Ọ̀rọ̀ tán. Àṣà wa ni pé òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wá pé èyí tó bá rí i yóò tún sin òmíràn. Ìyá Wahab, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló wá mú un le ju bí àṣà ṣe sọ lọ. Ó kó aṣọ ọmọ, bàtà ọmọ, àti fọ́tò ọmọ kúrò nílé. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Sùlíyá tí wọ́n ti ń pè ní Ìyá Fàúsát láti ọjọ́ ìkómọ, wọ́n jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ń pè é ní Ìyá Hameedah. Bó bá bú sẹ́kún, wọ́n á ní kó dákẹ́, pé Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Inú ire ni wọ́n fi ń ṣe é o, n kò bú wọn. Ṣùgbọ́n obìnrin tí kò rí òkú, tí kò rí sàréè, tí kò gbọ́ orúkọ, kí ni yóò fi gbà pé ọmọ kú? Rédíò ṣì ń kéde àwọn ọmọ tí wọ́n rí ní ibi tó jìnnà sílé. Bí Sùlíyá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú gbogbo ọmọ tó bá wọ aláwọ̀ ewé, àwọ̀ aṣọ ilé ìwé Fàúsát, nìyẹn.

Lẹ́yìn ti Dọ̀pẹ̀mú, ẹbí ṣèpàdé. Wahab ló jíṣẹ́ fún ìyàwó rẹ̀, ilẹ̀ ló sì ń wò. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, Sùlíyá yóò padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, Hameedah yóò sì dúró sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà.

"Ọmọ kan ló kù," Wahab ní. "A ò lè fi ìyẹn náà ṣeré."

Reuben ló mú un lọ sọ́dọ̀ Rachael Ọlọ́runníyì ní Ọgbà. Ará Èkìtì ni, tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Ó ti lọ kọ́ bí a ṣe ń bá ẹni tí ọ̀fọ̀ àti ìpayà da ọkàn rẹ̀ rú rìn títí yóò fi lè dá rìn, ó sì sọ ọ́ di iṣẹ́ nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń pe ara rẹ̀ ní kóòṣì. Àwọn ará àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ń bi í pé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wo ló ń kọ́. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní kóòṣì kì í wọ pápá, ẹ̀gbẹ́ ló ń dúró sí.

Ohun tó kọ́kọ́ bi Sùlíyá ni orúkọ tí wọ́n ń pè é kí bọ́ǹbù tó bú. Sùlíyá sọ ọ́ bí ẹni ń jalè.

"Ìyá Fàúsát," Rachael ní, "mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ má sunkún. Ẹ ṣáà sọ fún mi, kí lẹ mọ̀ dájú? Ẹ fi tàwọn èèyàn sílẹ̀. Kí ni ẹ̀yin fúnra yín mọ̀?"

Sùlíyá yọ òòyà kan látinú báàgì. "Apá òsì ni mi ò tíì dì," ó ní. "Mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Rachael kọ́ ọ pé bí ọkàn rẹ̀ bá ti fẹ́ gbé e tẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ, kí ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó di òòyà mú títí eyín rẹ̀ yóò fi gún un lọ́wọ́, kí ó sì sọ ibi tó wà sókè. Ó dà bí eré ọmọdé lójú Sùlíyá, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é.

Kóòṣì náà ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó ránṣẹ́ pe Wahab, ó ní kí wọ́n mú obìnrin yìí lọ wo sàréè. Wahab dìde lórí àga. "Mà, ẹ̀yin Èkìtì ò ní irú àṣà yìí ni? Ẹ fẹ́ kí Hameedah tẹ̀ lé e?" Ó ní ìyàwó òun kò ní wá síbẹ̀ mọ́. Rachael mọ̀ pé òun ti kánjú, ó sì dùn ún, nítorí àṣà yìí kan náà ni wọ́n fi tọ́ òun.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló tún ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń jáde níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, ilé ìwé kan nítòsí náà ń parí, ọmọ kan gba iwájú géètì kọjá, ọrùn tín-ín-rín, ìrìn Fàúsát. Ẹsẹ̀ Sùlíyá ti gbéra kó tó mọ̀. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé èyí ni, pé èyí gan-an ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan èjìká ọmọ náà. Ó di òòyà mú. "Àgídìngbì ni mo wà," ó ní. "Ẹnu géètì ni mo wà. Àgídìngbì ni." Ọmọ náà bọ́ sí kọ̀rọ̀ lọ. Sùlíyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí gọ́tà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò ní lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá tún rí òmíràn, yóò dì í mú, yóò sì pàdánù Hameedah.

Ó yọ́ lọ sí Ọgbà. "Mi ò wá sàréè," ó sọ fún Rachael. "Ẹni tó fojú rí i ni kó bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá ọkọ mi wà lára àwọn tó ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́sáláṣí. Àwọn ló wẹ̀ ẹ́."

Rachael fúnra rẹ̀ lọ bẹ Ìyá Àgbà nílé, ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ sàréè. Ìyá Àgbà gbà láti wá, ṣùgbọ́n ó wá tìjàtìjà. Ẹnu ọ̀nà yàrá Rachael ló jókòó sí, Hameedah wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó dì í mú gírígírí.

"Mo ti gbọ́ pé kì í ṣe sàréè," ó ní. "Kí ló wá kù láti sọ? Ọmọ ti lọ. Ẹni bá ń pe òkú, òkú yóò gbọ́. Mò ń lọ." Ó ti gbé Hameedah dìde.

"Ìyá," Sùlíyá ní, "irun rẹ̀ ńkọ́?"

Ìyá Àgbà dúró. Ó wo Sùlíyá, ó wo Rachael. "Ta ló sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi, Mà. Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyẹn."

Ìyá náà padà jókòó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni pé ká tú irun òkú obìnrin, ká fọ̀ ọ́, ká wá dì í sí ọ̀nà mẹ́ta. Mo ti ń ṣe é kí n tó bí ọkọ rẹ. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé ọwọ́ lé orí ọmọ yẹn. Apá ọ̀tún wà ní dídì, omi ò tú u. Ọwọ́ rẹ ni. Mi ò lè tú u, Sùlíyá. Apá òsì ò ní dídì kankan. Mo ní káwọn tó kù bọ́ síta. Mo bá ọ dì í tán." Ó nu imú. "Mo ṣe ohun tí wọn ò kọ́ mi. Mo wá rò pé bí a ò bá dárúkọ rẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni ò ní bi mí."

Sùlíyá yíjú sí Rachael. Rachael mi orí pé òun kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan.

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ Sùlíyá. Hameedah mú un nílẹ̀, ó ń wò ó.

"Kòlẹ́sẹ̀ lo dì fún un, àbí?" Ìyá Àgbà bi í. "Ojú mi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Mo kàn ń fọwọ́ wò ó ni."

"Kòlẹ́sẹ̀ ni, Mà."

"Ó dáa. Òun náà ni mo dì."

Nígbà náà ni Sùlíyá tó gbà pé ọmọ òun ti kú, igbe sì jáde lẹ́nu rẹ̀ tí wọ́n gbọ́ dé òpópónà. Ìyá Àgbà la ẹnu láti sọ fún un pé kó dákẹ́, bó ṣe máa ń sọ fún un láti ọjọ́ yìí wá. Ó pa ẹnu náà dé. Ó fi Hameedah sílẹ̀, ó fi ìdí wọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan.

"Sunkún," ó ní. "Sunkún, Ìyá Fàúsát."