Báńkì Gbẹ́sẹ̀ Lé Ìwé Kifayah

Ní ọjọ́ Ajé, kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo Ẹ̀rúnmu ti gbọ́ pé báńkì ti gba ìwé yunifásítì lọ́wọ́ Kifayah, ọmọ Mùsílímátù. Níbi tí wọ́n ti ń yan gaàrí, tí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ balẹ̀, ọkọ̀ báńkì kan ni wọ́n ní ó wá, pẹ̀lú ọlọ́pàá mẹ́rin, tí wọ́n sì ká ìwé náà kúrò lára ògiri. Nígbà tí ó fi dé ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, ọkọ̀ ti di méjì, ọlọ́pàá ti di mọ́kànlá. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, wọ́n ní ìwé nìkan kọ́ o. Wọ́n ní wọ́n gbé ẹ̀rọ kan lé ọmọbìnrin náà lórí, wọ́n tan án, ó ń pariwo bíi jẹnẹrétọ̀, ó sì fa gbogbo ohun tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ jáde, tó fi jẹ́ pé ABD nìkan ló ṣẹ́kù sí i lágbárí.

Kifayah ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé, tí kò kí i, tí kò jókòó.

"Kifayah, mélòó ni méje lọ́nà mẹ́jọ?"

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, Màámi. Kí ló dé?"

Mùsílímátù mí kanlẹ̀, ó wá jókòó sórí àpótí. "Alhamdulillah. Wọn ò tíì fà á tán."

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí à ń sọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Kifayah. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó jáde yunifásítì ní agboolé wọn, ẹ̀kọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé ló sì kà. Lọ́jọ́ tí ó parí, àgbò méjì ló bọ́ sí i. Àwọn ìyá alásàláátù gbàdúrà fún un títí ohùn fi há mọ́ wọn lọ́fun, wọ́n mu omi, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀ mọ́ àfi ìyá rẹ̀. Gíráàjú ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnì kan bá gba oògùn ní ọsibítù, "Gíráàjú, ṣé kí n tó jẹun ni àbí lẹ́yìn oúnjẹ?" Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ tí kò tan, ẹ pe Gíráàjú. Bàbá kan tiẹ̀ fa ewúrẹ́ rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Gíráàjú, ẹran yìí ò jẹun láti àná. Kí ni ìwé wí?"

Ohun tí ìwé ò wí ni ibi tí iṣẹ́ wà. Kifayah ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Àwọn méjì péré ló dá a lóhùn. Àkọ́kọ́ ní kó kọ́kọ́ sanwó fọ́ọ̀mù. Èkejì ní ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, tí kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ni àwọn ń wá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní láyé ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ gaàrí, tí wọ́n ń san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà fún un lóṣù, pẹ̀lú garawa gaàrí kan. Ẹgbẹ́ ọ̀hún sì ti fi òfin dè é pé gíráàjúéètì nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ náà, nítorí pé akọ̀wé tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ kọ ogójì àpò sílẹ̀ ní irínwó. Oníbàárà tó gbé ọkọ̀ àjàgbé mẹ́ta wá láti Kánò wá kó o, wọn ò rí i mọ́ títí dòní.

Ọ̀rọ̀ báńkì wá ńkọ́? Nígbà tí Kifayah parí ìsìn àgùnbánirọ̀, báńkì kan tó wà ní Ìwó Road fi ẹnu dídùn pè é. Wọ́n ní àkáǹtì kan wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bí kọ́bọ̀ ò bá tiẹ̀ sí nínú rẹ̀, olówó rẹ̀ lè ná tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà, kò ní san èlé kankan títí ọdún méjì. Kifayah mú ìwé rẹ̀ lọ, wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ṣí àkáǹtì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti fi gbogbo owó náà ra fíríìsà tòkunbọ̀ fún ìyá rẹ̀, kí ó lè máa ta omi tútù àti sóbò.

Lọ́jọ́ tí fíríìsà dé, Mùsílímátù kúnlẹ̀ sí àárín agboolé. Àwọn aládùúgbò ní, "Níbo lowó ti wá?" Ó ní, "Owó iṣẹ́ ọmọ mi ni. Orí fóònù ló ti ń ṣe é." Kifayah la ẹnu láti ṣàlàyé, àmọ́ àdúrà ti ń rọ̀ lé e lórí bí òjò oṣù kẹfà: kó máa lọ síwájú, kó má jìn sí kòtò, kó sin ìyá rẹ̀. Ìgbà wo lèèyàn yóò ráyè sọ pé gbèsè ni? Ó ní, "Àmín." Oṣù kọkànlá rèé tó ti ń ṣe Àmín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí à ń wí yìí ni ọ̀rọ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀. Báńkì ní àwọn ti dá ètò náà dúró. Láti ìparí oṣù, gbogbo owó tí ó ná kọjá ohun tó ní yóò máa bí èlé, owókówó tó bá sì wọlé, àwọn yóò mú un. Wọn ò parọ́. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà wọlé, báńkì sì gbé e mì bí adìyẹ ṣe ń gbé àgbàdo mì.

Owó Roheem ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Kifayah ni Roheem, ó ń gun ọ̀kadà, fóònù rẹ̀ kò sì mọ ju iná títàn àti ìpè lọ. Bí èrò bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí i, àkáǹtì Kifayah ni wọ́n máa ń san án sí.

"Gíráàjú, owó mi dà?"

"Báńkì ti mú un, Bọ̀dá Roheem. Ẹ fún mi láyè díẹ̀, màá san án."

"Kí lo ṣe fún báńkì?"

"Owó wọn kan ló wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti yọ mí kúrò lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde."

Roheem pa ọ̀kadà rẹ̀ kí ó lè ronú dáadáa. "Kí lo fi dógò?"

"N ò fi nǹkan kan dógò. Ìwé mi nìkan ni mo mú lọ hàn wọ́n."

"Háà," ni Roheem wí. Ó tan ọ̀kadà, ó lọ.

Ẹ má dá Roheem lẹ́bi. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, kò sẹ́ni tí yóò yá ọ lówó láìgba ìdógò, ẹni tó bá sì gba oko ní ìdógò, òun ni yóò máa kórè rẹ̀ títí ọjọ́ tí olóko bá san owó. Bàbá Roheem fi oko ọ̀pẹ dógò nígbà tó fẹ́ fẹ́ ìyàwó. Roheem, tí ìyàwó ọ̀hún bí, ti di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ẹlòmíràn ṣì ni ó ń fi ẹyìn oko náà se epo. Nítorí náà, bí Kifayah bá mú ìwé lọ sí báńkì kó tó gba owó, ìwé ti wọ ìdógò nìyẹn. Báńkì ló ń kórè rẹ̀. Roheem ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń yan gaàrí pé bí àwọn ṣe jókòó yẹn, ẹnì kan ti wà ní Ìwó Road tó ń fi ìwé Kifayah ṣe gíráàjúéètì. Ọlọ́pàá mọ́kànlá kọ́ ló fi sí i o. Àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ló bu ọlọ́pàá sí i bí iyọ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé pàjáwìrì, wọn ò pe akọ̀wé sí i. Ìgbà tí wọ́n túká ni Kifayah sáré gbé ìwé rẹ̀ lọ bá Alhaja Fàdìlàt, alága ẹgbẹ́.

"Alhaja, ẹ wò ó. Ó wà lọ́wọ́ mi. Ẹnikẹ́ni ò gbà á."

Alhaja yẹ ìwé náà wò níwájú, ó yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀. "Mo rí i, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìwé oko bàbá Roheem náà wà nínú àpótí ìyá rẹ̀. Ṣé pé ìwé wà nílé ló ní kí oko má wà ní ìdógò?"

Kifayah, tó ka ètò ọrọ̀ ajé fún ọdún mẹ́rin, rọra ká ìwé rẹ̀ padà.

"Lọ gba ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu báńkì," ni Alhaja wí. "Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, la máa parí ẹ̀. Bí o bá mú nǹkan gidi wá, wàá máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Roheem la ó fi ṣe é ká tó rí gíráàjúéètì mìíràn. Ó lè kọ nọ́ńbà."

Ní Ọjọ́rú, Kifayah dé Ìwó Road. Òṣìṣẹ́ tó dá a lóhùn ní báńkì kò jù ú lọ, Olúfúnmi ni orúkọ tó wà ní àyà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé pé ìwé-ẹ̀rí mi ò sí lọ́dọ̀ yín."

Olúfúnmi tẹ ẹ̀rọ, ó dìde, ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó mú fáìlì bọ̀. "Ẹ má bínú, ó wà lọ́dọ̀ wa." Ẹ̀dà ìwé náà nìyẹn lóòótọ́, pẹ̀lú fọ́tò Kifayah lókè rẹ̀.

"Ẹ dá a padà fún mi."

"A kì í dá a padà. Ti báńkì ni."

"Kí lẹ ń fi ṣe?"

Olúfúnmi ronú. "Ó kàn wà níbẹ̀ ni."

"Ó dáa, ẹ bá mi kọ ọ́ pé gíráàjúéètì ṣì ni mí."

Olúfúnmi tún tẹ ẹ̀rọ, ojú tì í. "Ẹ̀rọ ò gbà. Ohun tó kọ síbí ni pé ẹ kì í ṣe gíráàjúéètì mọ́. Ẹ ti di oníbàárà lásán." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi náà wà nínú ètò yẹn. Wọ́n ti yọ èmi náà. Orí àga yìí ni mo jókòó sí tí mo fi ọwọ́ ara mi yọ ara mi."

Kifayah bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́ di ẹkún lójú ọ̀nà. Olúfúnmi ṣe ohun tó lè ṣe fún un. Ó pín gbèsè náà sí oṣù mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lóṣù, èlé díẹ̀ sì ti wà nínú rẹ̀. Iye tí ẹgbẹ́ gaàrí ń san gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí iṣẹ́ akọ̀wé bá bọ́, gbèsè kò ní ẹni tí yóò san án. Ó wá tẹ àkọsílẹ̀ àkáǹtì rẹ̀ fún un, ó fi òǹtẹ̀ lù ú. Ìwé kan ṣoṣo tí báńkì lè fún un nìyẹn, ó sì fi hàn kedere pé owó ni báńkì ń bèèrè, kì í ṣe ìwé. Ìlà kan péré ló burú nínú rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n ra fíríìsà, àti iye tí wọ́n rà á, látinú owó báńkì.

Bí Kifayah bá fi pamọ́, yóò pàdánù iṣẹ́. Bí ó bá sì fi hàn, ìyá rẹ̀ tó ti fi fíríìsà yìí yangàn láti Ẹ̀rúnmu títí dé Akanran yóò gbọ́ ọ níwájú gbogbo ayé. Ó gbìyànjú láti sọ fún un ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mùsílímátù ní kó kọ́kọ́ ka ABD títí dé òpin. Nígbà tí ó fi kà á tán, àwọn oníbàárà sóbò ti dé.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ kún dé ojú fèrèsé. Èèyàn tó wá pọ̀ ju èyí tó ń ṣe gaàrí lọ. Mùsílímátù jókòó síwájú, ó wé gèlè bí ẹni tó ń lọ gba oyè. Roheem, akọ̀wé onígbà díẹ̀, dìde láti ka àkọsílẹ̀ ìpàdé Ìṣẹ́gun.

"Ìpàdé pàjáwìrì. Àwọn tó wá: gbogbo wa. Àwọn tí kò wá: ẹni tí à ń sọ. Ọ̀rọ̀ kìíní: báńkì ti gba ìwé Gíráàjú. Ọlọ́pàá mọ́kànlá. Ọ̀rọ̀ kejì: kò sí." Ó jókòó. Òógùn ti bò ó.

"Ṣé àtúnṣe wà?" ni Alhaja bèèrè. Gbogbo ìpàdé ló máa ń bèèrè bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ti ní àtúnṣe rí.

Kifayah nawọ́ sókè. "Ó wà, ẹ̀yin ìyá mi." Ó dìde. "Àkọ́kọ́, ọlọ́pàá kankan ò wá. Ẹnikẹ́ni ò wá."

"Kò tiẹ̀ sí ọ̀kan?" ni obìnrin kan bèèrè láti ẹ̀yìn. Ó dùn ún.

"Kò sí ọ̀kan, Ìyá. Ìkejì, ẹ̀dà ìwé mi wà ní báńkì lóòótọ́. Mo fi ojú ara mi rí i, inú dúrọ́ọ̀ ló wà, kò sẹ́ni tó ń fi ṣe nǹkan kan. Ìkẹta, lórí ẹ̀rọ báńkì, n kì í ṣe gíráàjúéètì mọ́. Òótọ́ nìyẹn náà. Àmọ́ yunifásítì ló fi mí jẹ ẹ́, báńkì ò lè yọ mí. Owó tí wọ́n ń jẹ́ ká ná láìsan èlé ni wọ́n gbà padà, àwọn mìíràn bíi tèmi náà sì wà níbẹ̀." Ó na àkọsílẹ̀ olóǹtẹ̀ náà sí Alhaja. Kò jẹ́ wo apá ibi tí ìyá rẹ̀ wà. "Ìkẹrin ò sí nínú ohun tí Bọ̀dá Roheem kà, àmọ́ ó yẹ kó wà níbẹ̀. Fíríìsà Màámi kì í ṣe owó iṣẹ́ mi. Owó báńkì ni. N ò níṣẹ́ kankan lórí fóònù. Iṣẹ́ tí ẹ̀yin gbé fún mi yìí nìkan ni mo ní."

Mùsílímátù tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó wo ọmọ rẹ̀ títí.

"Ṣé wọ́n máa wá gbé e ni?"

"Rárá, Màámi. Màá máa san án díẹ̀díẹ̀."

"Ó dáa. Àdúrà tí mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, mi ò gba ìkankan padà níbẹ̀." Ó yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ ti gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó lọ máa mu omi gbígbóná."

Alhaja Fàdìlàt ká àkọsílẹ̀ náà, ó dá a padà. "Roheem, ṣé o ń kọ ọ́?"

"Ó yára jù, Alhaja. Ìkejì ni mo wà."

"Gbé ìwé àti bírò fún un."

Kifayah jókòó, ó fa ìlà sórí ọlọ́pàá mọ́kànlá, ó kọ àtúnṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ rẹ̀, ó sì kà wọ́n sókè níkọ̀ọ̀kan kí gbogbo ilé lè gbọ́. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ó gbójú sókè.

"Alhaja, orúkọ ta ni kí n kọ sí ibi tí akọ̀wé ti ń bu ọwọ́ lù ú?"

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Kí lo wá ń bi mí sí?"