Ilẹ̀kùn Ìyá Àgbà Dé sí Egan

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ìyá àgbà mi dé sí ilé wa ní Egan. Gbogbo ará ìlú wa ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tipẹ́. Ìyá àgbà nìkan ló kù tí wọ́n ń dáná níbẹ̀. Bàbá mi ní kí wọ́n wá tọ́jú ojú wọn l'Ékòó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí wọ́n dé, ọkọ̀ akẹ́rù já ilẹ̀kùn ilé wọn orí òkè sílẹ̀.

"Ilẹ̀kùn mi kọ́ nìyí?"

"Màmá, kò sẹ́nì kankan lórí òkè mọ́."

"Èmi ńkọ́? Ṣebí ìwọ lo gbé mi kúrò!" Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ náà mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kí n padà, àbí?"

Mo mọ̀.

Bàbá fi ilẹ̀kùn náà sí ẹnu ọ̀nà iwájú. Títí ọlọ́jọ́ fi dé, ẹ̀yìnkùlé ni Ìyá àgbà ń gbà wọlé.