Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Mi Wa Ọkọ̀ Lọ Sílé tí Òkun ti Gbé

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wa ọkọ̀ wọ òkun ní Ayétòrò, tí wọ́n ní àwọn ń lọ sílé. Òkun ti gbé ilé náà lọ tipẹ́.

Èmi àti Morẹ́nikẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ń ṣèwádìí ọpọlọ báyìí, la wa ọkọ̀ lé wọn bá. Ìgbì ti fẹ́ dojú ọkọ̀ wọn dé.

"Bùọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" ni mo jágbe.

Wọ́n wò mí. "Ta ló jí ilé mi?"

Morẹ́nikẹ́ ní, "Tíṣà, kì í ṣe agídí, àìsàn ìgbàgbé ni. Èròjà kan wà tó ń mú iṣan ọpọlọ dàgbà. Bí kò bá tó, iṣan á máa kú díẹ̀díẹ̀. Ohun tí à ń wádìí nìyẹn."

"Ṣé oògùn ti wà?"

"A ṣì ń wá a, mà."

Ojú tì mí, torí ó pẹ́ tí mo ti ń bá aláìsàn wí bí ọmọ iléèwé. Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ júwe ilé náà fún mi." Bí wọ́n ṣe ń júwe ibi tí ìyá wa ti ń yan ẹja, bẹ́ẹ̀ ni mo rọra ń fa ọkọ̀ wọn padà sétí omi.

Ẹ̀yin tó ń kà á, bí àgbà yín bá ń gbàgbé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jágbe mọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣì rántí.