Ọjọ́ Tí Ọkọ̀ Di Ọkọ Nínú Pálọ̀ Wa

Tó o bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wa ní Festac nígbà yẹn, imú rẹ ló máa kọ́kọ́ sọ fún ọ pé o ti ń dé. Nísàlẹ̀, ẹja díndín Màmá Ìsàlẹ̀ ló máa pàdé rẹ. Tó o bá dé agbedeméjì, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ bọ̀ láti apá Satellite Town níbi tí àwọn táǹkì epo wà, òórùn epo mọ́tò á dara pọ̀ mọ́ ti ẹja. Tó o bá wá dé ẹnu ọ̀nà tiwa, òórùn kọ̀ǹpútà tó ti gbóná kọjá ààlà ni wàá gbọ́, bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ pọ̀lísítà. Aṣọ ni mo ń rán, mo mọ òórùn yẹn dáadáa. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà nínú yàrá, ọkọ mi àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní pálọ̀, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Àmọ́ ká má parọ́, ọkùnrin náà ti fi ayé yìí sílẹ̀ tipẹ́. Àárín ìràwọ̀ ló ń gbé.

Gẹ́ẹ̀mù ló ń ṣe. Òun nìkan ló ń ṣe é, kò ní ọ̀gá, kò ní ọmọ iṣẹ́. Nínú gẹ́ẹ̀mù náà, wàá wa ọkọ̀ kan tó ń fò láàárín ìràwọ̀, wàá máa lọ láti ayé kan sí òmíràn, wàá máa wá epo àti omi, wàá sì padà wálé. Ó ti pinnu pé Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa jẹ́. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní, "Ṣé wọ́n ní kí ọmọ Yorùbá má dé ojú ọ̀run ni?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Láti àárọ̀ ni íápíìsì ti máa ń wà létí rẹ̀. Tí mo bá ní ẹ kú iṣẹ́, ògiri ló máa dá mi lóhùn. Màá gbé oúnjẹ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́, màá sì padà wá kó abọ́. Ó dá mi lójú pé tí mo bá ki àjákù aṣọ lésì sínú ọbẹ̀ yẹn, ó máa jẹ ẹ́, á tún ní ẹran náà rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń gbé Abúlé Adó ló wá jẹ́ kó di dandan fún un láti pinnu. Ẹ̀gbọ́n yìí ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù ní wáàfù, ó ti bá a wá àyè síbẹ̀, ó sì fẹ́ gbọ́ èsì ní Mọ́ńdè. Ọkọ mi yọ íápíìsì létí lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ó ní òun máa pe àwọn èèyàn wá ní Sátidé, kí wọ́n gbá gẹ́ẹ̀mù náà wò. Tí ọkàn wọn ò bá fà sí i, òun á pa á tì pátápátá, òun á so táì mọ́rùn lọ sí wáàfù. Mo ní Ọlọ́run á ṣe é ní rere. Mo ṣe àmín pẹ̀lú, àmọ́ mi ò mọ èyí tí mo ń ṣe àmín sí. Mo fẹ́ kí ọkọ mi padà sílé lóòótọ́, ọkàn mi ti ń fà sí i jù. Àmọ́ mi ò fẹ́ kó padà wá pẹ̀lú ojú ẹni tí nǹkan rẹ̀ kú.

Nígbà tí Sátidé pé, ó so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣàn ńlá wa, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é, iná ò lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ẹ́sítéètì Raji Rasaki ló kọ́kọ́ dé, ọmọkùnrin tí gẹ́ẹ̀mù jẹ́ oúnjẹ àárọ̀ àti tọ̀sán fún. Màmá Ìsàlẹ̀ gòkè wá pẹ̀lú ìgò ojú tó so mọ́ okùn lọ́rùn, bí ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni màmá náà ti fẹ̀yìn tì. Inú fúláàtì yẹn ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti tọ́ gbogbo ọmọ wọn, ọkọ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ sì ti tú ká. Ẹni tó ṣìkẹta ni Àlájà tó ń ta mílíìkì àti bisikíìtì lẹ́nu géètì. Wọn ò pè é rárá. Mínírà tí mo ní kí wọ́n gbé wá ló gbé gòkè, ni mo bá ní, "Àlájà, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ wá bá wa wòran." Àlájà ò kọ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yìn ín ṣáá ni. O mọ bí a ṣe máa ń yin oúnjẹ ìyàwó tuntun: iyọ̀ ò dé ibẹ̀, ata ti pọ̀ jù, síbẹ̀ gbogbo ilé á ní ó dùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá a, ó ní ó dáa. Àlájà gba páàdì tí wọ́n fi ń gbá a, ó wa ọkọ̀ náà dé orí òṣùpá kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí iyanrìn títí afẹ́fẹ́ tó ń mí fi tán. Ó ní ó dáa, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ mi ń bi wọ́n pé kí ni kò dáa níbẹ̀, kí ló sú wọn, kí ni wọ́n fẹ́ kó yí padà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bojú wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbìyànjú gan-an." Mo rí i bí ojú ọkọ mi ṣe rẹ̀wẹ̀sì. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá sáré tó ṣe ìkẹyìn ni wọ́n ń kí pé ó gbìyànjú.

Ibẹ̀ la wà nígbà tó kan Màmá Ìsàlẹ̀. Màmá gbé ìgò sójú, ó di páàdì mú bí ẹni di abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná mú, ó wa ọkọ̀ náà gba àárín àwọn òkúta tó ń fò kiri lókè, kò sì pẹ́ tó fi kọlu ọ̀kan. Ojú tẹlifíṣàn pọ́n wẹ̀. Ọ̀rọ̀ yọ gàdàgbà: OKO RE TI BAJE.

Kí n tó máa bá a lọ, jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á fún ọ. Irú lẹ́tà tí ọkọ mi rí lò kò gba àmì orí, kò sì gba ti ìdí. Gbogbo ibi tó bá fi àmì sí, àpótí òfìfo ló ń dà. Ló bá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó ní ọmọ Yorùbá ni àwọn tó máa gbá a, wọ́n á mọ ohun tí òun ní lọ́kàn.

Màmá ń kà á sókè, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń ka ìwé ìjọba: "Ọkọ rẹ ti bàjẹ́."  Ó yíjú wò mí. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún jáde: SE O FE TUN OKO SE, TABI O FE GBA OKO TITUN? Màmá fara balẹ̀ kà á. "Ṣé o fẹ́ tún ọkọ ṣe, tàbí o fẹ́ gba ọkọ tuntun?" Ó yọ ìgò ojú, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó ní, "Tèmi ti lọ sọ́run, kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ibo ni wọ́n ń tẹ̀ fún tuntun?"

Ẹ̀rín pa wá. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi jábọ́ lórí àga. Ọkọ mi dìde, ó ń ṣàlàyé pé, "Ọkọ̀ ni, Màmá. Ọkọ̀ tó ń fò ni." Màmá ní, "Ọkọ tó ń fò kiri? Mo mọ irú wọn." Ìgbà tí Àlájà wá rí ẹnu sọ̀rọ̀, omi ti ń dà lójú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin rí ọkọ níbẹ̀? Oko ni mo kà á sí o. Wọ́n ní kí n padà sí oko. Gbogbo ìgbà tí mo ń rìn káàkiri orí iyanrìn yẹn, oko ni mo ń wá. Mo ní bóyá ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn sókè ọ̀hún." Mo di etí aṣọ mú, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Ọkọ mi náà, tí mi ò ti rí eyín rẹ̀ láti ìgbà tí mi ò lè rántí, fara ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ kékeré.

Ẹ̀yìn ẹ̀rín yẹn ni ẹnu tó ṣí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde nílẹ̀, ó gbọn ṣòkòtò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú, mi ò fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Téèyàn bá ti kú, ẹ ń dá a padà síbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Ó ń dunni. Ọkọ̀ yẹn sì wúwo jù láti darí, ṣe ló dà bíi pé mò ń ti fíríìjì." Ọkọ mi fa bírò yọ. Ọ̀rẹ́ náà ò tíì tán. Ó ní àmọ́ ìgbà tí òun pa ẹ́ńjìnnì, tí òun kàn ń léfòó, tí òun bojú wẹ̀yìn tí òun rí ayé wa tó kéré bí àgbálùmọ̀, òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba páàdì lọ́wọ́ òun. Ó ní òun ò tíì rí irú ẹ̀ nínú gẹ́ẹ̀mù olówó ńlá kankan. Àlájà ní oko tí òun wá tì náà lórí òṣùpá yẹn, oòrùn yọ létí ibẹ̀ lójijì, òun ò sì mọ ìgbà tí òun pe orúkọ Ọlọ́run. Ó ní àwọn àmì kéékèèké tó ń júwe ọ̀nà yẹn ni kò yé òun, àti pé lẹ́tà ti kéré jù fún ojú àgbà. Báyìí ni wọ́n ń já lu ara wọn lọ́rọ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé mínírà tí mo ṣí sọ́wọ́.

Màmá Ìsàlẹ̀ ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ó lẹ́wà. Mi ò mọ̀ pé ojú ọ̀run lẹ́wà tó báyẹn, mo sì dúpẹ́ pé o mú mi débẹ̀. Àmọ́ kò sí ẹni tó kí mi. Mo ti ibì kan dé ibì kan, ilẹ̀kùn á ṣí, màá wọlé, kò sẹ́ni tó máa ní ẹ káàbọ̀. Mo wá padà délé, lẹ́yìn gbogbo òkúta àti òkùnkùn yẹn, wọ́n kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé O TI DE. Èèyàn á rin irú ìrìn báyẹn, kò sẹ́ni tó máa kí i kú ewu ọ̀nà?" Ó wo ọkọ mi, ó wo íápíìsì tó fi kọ́rùn. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé báyẹn lẹ ṣe ń gbé nínú ilé yìí ni?"

 Ìsàlẹ̀ wa gan-an ni Màmá ń gbé, gbogbo ẹ kú iṣẹ́ mi tí kò rí èsì ló ń gbọ́. Ọkọ mi wò mí. Kì í ṣe bí ẹni tó ń wo ibi tí abọ́ oúnjẹ wà. Ó wò mí dáadáa, ojú sì ń tì mí, mo ní kí n lọ kó ife sí kíṣíìnì.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ti lọ tán, ó kan ilẹ̀kùn yàrá ìránṣọ. Ó kan ilẹ̀kùn nínú ilé ara rẹ̀, ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo ní, "Ta ni mo ń rí?" Ó ní òun fẹ́ kí n ya òun ní ohùn mi. Ó gbé máíkì sáàárín àwọn aṣọ oníbàárà tí mo fi kọ́, ó ní aṣọ kì í jẹ́ kí ohùn ró padà, àwa méjèèjì sì há sáàárín búbá àti kaftan bí ẹni tó ń sá fún òjò. Ó ní kí n sọ pé ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà. Mo sọ ọ́. Ó ní ó dà bí ohùn ẹni tó ń kàwé fún ọmọ iléèwé, kí n sọ ọ́ bíi pé òun ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Mo ní, "Láti ibo?"

Ó ní, "Láti gbogbo ibi tí mo ti lọ látijọ́ yìí."

 Ohùn tí mo fi sọ ọ́ tẹ̀ lé ìyẹn gbọ̀n díẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì sì ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká tún un ṣe. Ó kọ̀. Ohùn yẹn ló wà nínú gẹ́ẹ̀mù náà títí dòní.

Kò lọ sí wáàfù. Ní Mọ́ńdè, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n ní orí rẹ̀ ti dà rú, àmọ́ ẹ̀gbọ́n náà ti ń gbá gẹ́ẹ̀mù ọ̀hún báyìí, ó sì máa ń pè wá tó bá há sáàárín òkúta. Ọkọ mi wá lẹ́tà tó gba àmì, ó mú kí ọkọ̀ náà fúyẹ́, ó sì sọ ọ́ di pé ẹni tó bá kú lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Màmá Ìsàlẹ̀ nìkan ló bá a jà. Ó ní tó bá yọ ọkọ tuntun òun kúrò, òun ò ní gòkè wá mọ́. Torí náà, lórí òṣùpá tó jìnnà jù lọ, pátákó kan ṣì dúró síbẹ̀ láìní àmì: OKO TITUN WA NIBI. Ẹni tó bá débẹ̀, kó yan èyí tó wù ú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tó gbé e jáde fún gbogbo ayé, a jọ máa ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń kọ nípa rẹ̀. Àwọn kan ní ó kúrú jù, àwọn kan ní kò sí ogun jíjà níbẹ̀, wọn ò sì parọ́. Àmọ́ ẹnì kan láti ilẹ̀ òkèèrè, tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, kọ ọ́ pé òun ò mọ ohun tí obìnrin yẹn ń sọ níparí ìrìn, ṣùgbọ́n òun máa ń fi ibi tí òun ń lọ sílẹ̀ lágbedeméjì, kí òun lè padà sílé lọ gbọ́ ọ. Ọkọ mi kà á fún mi, mo ní kó tún un kà.

Mo ti rò ó títí. Èmi tí mo rò pé gẹ́ẹ̀mù gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi, inú gẹ́ẹ̀mù náà ni mo ti rí i gbà padà, àṣìkà màmá arúgbó kan ló sì ṣí ilẹ̀kùn. Ìkíni tí a kà sí nǹkan kékeré, òun gan-an ló ń sọ fún èèyàn pé ibi tó dé yìí, ilé ni. Títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, tí ilẹ̀kùn wa bá dún, màá gbọ́ ohùn rẹ̀ pé, "Ẹ kú ilé o." Màá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, màá ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà," bó tilẹ̀ jẹ́ pé búrẹ́dì ló lọ rà lẹ́nu géètì, lọ́dọ̀ Àlájà.